Ìṣirò Ọ̀nà Kuje

Mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ Ajé kan:
ọ̀kadà kan gbéra ní Túkúpè,
ó ń sá ogójì kìlómítà ní wákàtí kan;
bí ilé apòògùn tó wà ní Kuje bá jìnnà tó ọgọ́ta,
wákàtí mélòó ni yóò fi débẹ̀?

Kíláàsì dákẹ́.
Larai nàka sókè, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ó ní, "Antí, ta ló ni ọ̀kadà ọ̀hún?
Ṣé epo wà nínú ẹ̀?
Ṣé odò ti kún?"

Mo rẹ́rìn-ín, èmi agùnbánirọ̀,
ọmọ Ìlárá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Gwarinpa.
Mo ti fi bírò pupa kọ ìdáhùn sínú ìwé mi kí n tó wọlé:
wákàtí kan ààbọ̀.
Àwọn ọmọ kò bá mi rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ń retí èsì.

Ní Gwarinpa, bí o bá sín lójú títì,
ilé oògùn mẹ́ta ni yóò kí ọ pé pẹ̀lẹ́.
Ọ̀kan kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fẹ̀yìn ti báńkì,
ọ̀kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń sun súyà.
Iná aláwọ̀ ewé wọn kì í kú mọ́jú,
jẹnẹrétọ̀ wọn a máa bá oorun mi jà.
Wọ́n á bi ọ́: ti Íńdíà ni àbí ti Jámánì?
Èyí tí ṣúgà wà lára ẹ̀, àbí èyí tó ń yọ́ nínú omi?
Ẹni tó yó ní ń ṣa egungun ẹja.

Ní Túkúpè, ọjọ́ ọjà nìkan ni Sanda ń dé,
bàsíà oògùn lórí,
kápúsù pupa pẹ̀lú dúdú, òféfèé pẹ̀lú ewé,
ó tò wọ́n sókè ténté bí ilé ọ̀gán.
Oòrùn ti sè wọ́n jinná kí wọ́n tó kan ẹnu aláìsàn.
Èyí fún ẹ̀yìn ríro, èyí fún ibà,
èyí, ó sẹ́jú, fún agbára ọkùnrin.
Mo bi í ní oògùn wárápá.
Ó wo bàtà ara rẹ̀.
"Ìyẹn gba ìwé dókítà, Antí. Ìyẹn di Kuje."

Ìyẹn di Kuje.
Mo gbọ́ ọ títí
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé orúkọ àìsàn kan ni.

Lọ́sẹ̀ tí a ń kọ́ ìdá,
Larai nìkan ni kò ṣì í.
Ìdajì nínú ìdajì? N kò tíì parí ọ̀rọ̀,
ó ti ní, "Ìdá kan nínú mẹ́rin."
Mo ní ta ló kọ́ ọ?
"Bàbá mi. Abẹ fẹ́lẹ́ la fi ń là á.
Bí òjò bá pọ̀, a là á sí méjì,
bí afárá igi bá ti wọ́, a là á sí mẹ́rin.
Èyí tó bá rún, mo fi ìka tọ́ ọ lá."

Oṣù Kẹsàn-án, odò kọ̀.
Jagaba dúró létí omi lọ́jọ́ mẹ́ta,
owó oògùn nínú ọ̀rá, ọ̀rá nínú fìlà, fìlà lórí,
bí ẹni pé odò yóò tijú.
Lọ́jọ́ kẹrin, gìrì mú Larai
nídìí iná tí ìyá rẹ̀ fi ń ro túwó.

Kò kú. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mí.
Apá òsì ni.
Ó padà wá sí kíláàsì, ewé gígún lára apá tí wọ́n fi àǹkárá dì,
ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe iṣẹ́ rẹ̀,
ó sì gba gbogbo rẹ̀.

Mo ti padà sí Gwarinpa.
Lálẹ́ àná orí ń fọ́ mi díẹ̀,
mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi lọ:
mẹ́tàdínlógóje, mo ti dé ẹnu káńtà.
Ọmọbìnrin ibẹ̀ ń yán.
Ó ní kí ni mo fẹ́.
Mo gbàgbé.

Ìwé náà ṣì wà nínú báàgì mi.
Mo ti fa igi lé wákàtí kan ààbọ̀.
Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé:
ta ló ni ọ̀kadà ọ̀hún?